Aṣọ Tó Ní Ẹ̀yìn

Gìrìgìrìgìrì, kẹ́. Gìrìgìrìgìrì, kẹ́. Báyìí ni ẹ̀rọ ìránṣọ bàbá mi ṣe máa ń dún nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Abẹ́rẹ́ ló ń sọ "gìrì", ibi tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ló ń sọ "kẹ́", nítorí nọ́ọ̀tì rẹ̀ kan ti yọ láti ọjọ́ pípẹ́. Ìyá mi sọ̀rọ̀ títí kí ó tún un ṣe, bàbá mi kọ̀ jálẹ̀. Ó ní "kẹ́" yẹn ló ń jẹ́ kí òun mọ̀ pé òun ò tíì sùn lọ lẹ́nu iṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù ni ilé wa, ilé wa náà ni ṣọ́ọ̀bù. Kọ́tìnì kan ló pín yàrá sí méjì: lẹ́yìn kọ́tìnì la ń sùn, níwájú rẹ̀ ni tábìlì ìgéṣọ wà, àti áyọ́ọ̀nù eléèédú, àti dígí gbọọrọ kan tó ti fọ́ ní igun, tó jẹ́ pé bí o bá dúró níwájú rẹ̀, o ò ní rí èjìká rẹ òsì. Bàbá mi a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé, "Èjìká tí ẹ ò rí yẹn, òun gan-an ló dára jù."

Bàbá Bọ́tìnì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìdí rẹ̀ rèé. Bí ènìyàn bá kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń wá rán aṣọ tí wọn yóò fi sin ín. Àwọn télọ̀ yòókù, iwájú nìkan ni wọ́n ń rán fún òkú. Wọn kì í rán ẹ̀yìn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń fi so ó, wọn á wá ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ ara olóògbé. Bọ́tìnì rẹ̀ kò ní ihò, ojú ayé lásán ni wọ́n rán an mọ́ ọn fún. Ọ̀rọ̀ náà sì bọ́gbọ́n mu. Apá òkú kì í ká, ta ló sì ń yí òkú padà kó lè wo ẹ̀yìn rẹ̀? Ṣùgbọ́n bàbá mi kò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Aṣọ òkú tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde ní ẹ̀yìn, ó ní àpò, bọ́tìnì rẹ̀ ń wọ ihò, ó sì ń jáde.

Mo rántí opó awakọ̀ kan tó wá gba aṣọ ọkọ rẹ̀. Ó yí aṣọ náà sọ́tùn-ún sósì.

"Bàbá Bọ́tìnì, kí ni ọkọ mi fẹ́ fi ẹ̀yìn aṣọ ṣe? Ṣé ó ń lọ sóde ni?"

Bàbá mi kò gbé ojú kúrò lórí ẹ̀rọ. "Ó ń bọ̀ wá dìde ni. Lọ́jọ́ tí ìpè bá dún, tí gbogbo wa bá jáde, ṣé ẹ fẹ́ kí ọkọ yín máa fara ti ògiri rìn ni, kí àwọn áńgẹ́lì má baà rí ìdí rẹ̀?"

Obìnrin náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún, ó sì jókòó sórí àpótí ìyá mi títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Nígbà tó ń lọ, ó gbá aṣọ yẹn mọ́ àyà bí ẹni gbá ọmọ tuntun mọ́ra.

Ìgbàgbọ́ bàbá mi kò ju ìyẹn lọ, kò sì dín. Kì í wàásù, kì í gbàdúrà tó gùn. Ó gbà pé àwọn òkú yóò jí, nítorí náà wọ́n nílò aṣọ. Ó parí.

Àbúrò mi obìnrin, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyá mi bí tẹ̀lé mi, ló jogún iṣẹ́ náà. Abẹ́rẹ́ ni bàbá wa sọ ọ́, nítorí ó tín-ín-rín, ẹnu rẹ̀ sì mú, kò sì sẹ́ni tó tún fi orúkọ mìíràn pè é títí dòní. Kò tíì ga tó tábìlì ìgéṣọ lọ́jọ́ tó bi bàbá wa léèrè pé, "Bàbá, ṣebí Jésù fi aṣọ tí wọ́n fi sin ín sílẹ̀ nínú ibojì ni? Kí ló wá dé tí ẹ ń fi bọ́tìnì dá ara yín láàmú?"

Ìyá mi ti gbé ọwọ́ sókè láti gbá a lẹ́nu. Bàbá mi ní, "Fi í sílẹ̀, jàre. Abẹ́rẹ́, ṣé wọ́n sọ fún ọ pé ó jù ú sílẹ̀ ni? Ó ká a ni. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ká aṣọ rẹ̀ kó tó jáde, ó mọyì télọ̀."

Èmi kúrò nílé nígbà tí irùngbọ̀n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù, nítorí ẹ̀rọ kan kò lè bọ́ ìdílé méjì. Mo rí iṣẹ́ sí ilé ìfọṣọ ńlá kan ní ìlú òkèèrè yìí, ṣẹ́ẹ̀tì àwọn olówó ni mò ń lọ̀. Ìgbà tí mo bá na ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀tì sórí pátákó, tí mo gbé áyọ́ọ̀nù lé e, bàbá mi ni mo máa ń rántí. Wọ́n ní àjò kì í dùn kónílé má relé. Tèmi kò tilẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé mi mì. Mo gbéyàwó níbí, mo bímọ níbí, ibí náà ni mo sin ìyàwó mi sí.

Nílé, Abẹ́rẹ́ ń ránṣọ. Bàbá wa kú, ó rán aṣọ rẹ̀. Ìyá wa tẹ̀ lé e, ó rán tirẹ̀. Ọkọ Abẹ́rẹ́ lọ sùn ní ọ̀sán kan, kò jí mọ́. Ó rán tirẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kan ọmọkùnrin rẹ̀, bíríkìlà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mókè, tí ikọ́ kan dá dùbúlẹ̀ tó sì tán lórí ibùsùn bí ọṣẹ. Ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan aṣọ náà. Nígbà tó pè mí lórí fóònù, ẹkún ni mò ń sun, òun ló ń rẹ̀ mí lẹ́kún.

"Bọ̀ọ̀dá, ó ti tó. Mo ti rán an, ó gún. Mo fi àpò sí i lọ́tùn-ún lósì, torí ẹ mọ̀ pé bí ojú bá ti ń tì í, kì í mọ ibi tí yóò ki ọwọ́ bọ̀. Èrò á sì pọ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ojú á tì í."

Ohun tó ń sọ nìyẹn, bí ẹni ń palẹ̀ ọmọ mọ́ fún ilé ìwé.

Ọdún ń gorí ọdún, èmi àti òun di arúgbó. Jẹjẹrẹ wọ ọmú rẹ̀, wọ́n gé e, a dúpẹ́. Àfi bó ṣe tún yọjú nínú eegun. Ọmọbìnrin rẹ̀ ló kù tó ń tọ́jú rẹ̀. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń rán yunifọ́ọ̀mù, níbi tí oníkálukú ti ní ibi tó ń rán. Apá aṣọ nìkan ni tirẹ̀. Láti òwúrọ̀ títí wọn yóò fi tilẹ̀kùn, apá ló ń rán. Kò rán ọrùn rí, kò rán ẹ̀yìn rí. Ìyá rẹ̀ fi ń ṣẹ̀fẹ̀, ó ń pè é ní Alápá.

Nígbà tí dókítà ti sọ pé kò sí ohun tí àwọn tún lè ṣe ju kí wọ́n máa pa ìrora lọ, Abẹ́rẹ́ ní kí Alápá gbé ẹ̀rọ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn. Ó fẹ́ rán aṣọ tí wọn yóò fi sin òun. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè di sísọ́ọ̀sì mú mọ́, nítorí náà ẹnu ló fi ń ránṣọ. Alápá a gbé fóònù sórí ìrọ̀rí kí n lè máa gbọ́.

"Alápá, fà á díẹ̀. Díẹ̀ ni mo wí! Bọ̀ọ̀dá, ẹ ń gbọ́? Ọmọ yín ń ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ bí ẹni ń fi ọ̀kọ̀ gún ejò."

"Màámi, ọrùn ni ò yé mi."

"Báwo ni ọrùn ṣe máa yé ọ? Apá lo mọ̀. Ká ní Ọlọ́run fi ọ́ sí ẹ̀ka ìṣẹ̀dá ènìyàn ni, apá ni gbogbo wa ì bá jẹ́ látòkè délẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Mo wà nínú yàrá mi lókè ilé ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ìlú mìíràn, òkun láàárín wa, síbẹ̀ ó dà bíi pé ẹ̀yìn kọ́tìnì ni mo wà. Mo ti lọ bi dókítà tèmi bóyá mo lè wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ rí i. Ọmọdébìnrin tó gbóná lẹ́nu ni. Ó wo àwòrán ọkàn mi, ó ní, "Bàbá, bí ẹ bá wọ bàálù yẹn, ẹ̀yin lẹ máa ṣáájú rẹ̀ débẹ̀." Mo fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀. Mo ní ó kéré tán, ẹ̀rín ń bẹ lórí fóònù.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kan ni Alápá pè mí nígbà tí mò ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì mi. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó sọ fún mi pé Bàbá Yàrá Tútù ti wá kí ìyá òun.

Bàbá yìí, mọ́ṣúárì ló ti ṣiṣẹ́ títí ó fi fẹ̀yìn tì, òun ló máa ń fọ òkú, tó ń wọṣọ fún un. Ọ̀rẹ́ ilé wa ni. Òun àti Abẹ́rẹ́ ti bá ara wọn ṣe àwàdà láti ìgbà èwe. Ó wá láti dá a lára yá ni. Ó bá aṣọ náà lórí tábìlì, iwájú àti apá ti so pọ̀, ẹ̀yìn ti wà ní gígé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó gbé ẹ̀yìn náà sókè, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

Alápá ní, "Bàbá yẹn ní, 'Abẹ́rẹ́, o ṣì ń rán ẹ̀yìn yìí? Ìwọ àti bàbá rẹ, ẹ fi iṣẹ́ pa wá! Òkú tó ti le bí igi, báwo la ṣe fẹ́ wọ̀ ọ́ fún un? Sísọ́ọ̀sì la fi ń la gbogbo rẹ̀, láti ọrùn dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ tí wọ́n gbà mí síṣẹ́ ni ọ̀gá mi ti fi sísọ́ọ̀sì kan lé mi lọ́wọ́, ó ní, ti Bàbá Bọ́tìnì nìyí.'"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù kalẹ̀. "Kí ni ìyá rẹ wí?"

"Màámi rẹ́rìn-ín pẹ̀lú bàbá náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín gan-an ni, Bàbá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, 'Gbogbo rẹ̀?' Bàbá náà ní, 'Gbogbo rẹ̀ pátá.' Màámi wá ní, 'Tọmọ mi ńkọ́?' Ìgbà yẹn ni bàbá náà tó mọ ohun tí òun ń sọ. Ẹnu ọ̀nà ni ojú wọn ń wò."

"Abẹ́rẹ́ ńkọ́?"

"Wọ́n kọjú sí ògiri. Nígbà tí àlejò lọ tán, wọ́n ní, 'Yọ ẹ̀yìn yẹn kúrò. Má rán an. Fi okùn sí i bí àwọn yòókù ṣe ń ṣe, má jẹ́ kí wọ́n tún tìtorí tèmi wá sísọ́ọ̀sì.' Láti ìgbà náà, bí mo bá ní ká gbàdúrà, wọ́n á ní kí n máa gbà á lọ. Bàbá, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin nìkan ni wọ́n ń gbọ́ tiyín."

Mo ní kó gbé fóònù sí i létí.

"Abẹ́rẹ́."

"Bọ̀ọ̀dá. Ṣé ara le?"

"Èmi ló yẹ kí n bi ọ́."

"Tèmi ò le mọ́. Ẹ jẹ́ ká máa fi tiyín ṣe é."

Alàgbà ni mí nínú ìjọ kékeré tí mò ń lọ níbí. Mo ti dúró ti òkú púpọ̀, mo mọ ibi tí ìlérí Olúwa wà tí a máa ń kà fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà á fún un. Kò dá mi dúró. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí, èémí kúkúrú bíi ti ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Nígbà tí mo parí, ó ní:

"Ohùn yín dùn, Bọ̀ọ̀dá. Ẹ jọ̀ọ́, ìbéèrè kan ni mo ní. Aṣọ ọmọ mi, ṣé wọ́n la ẹ̀yìn ẹ̀ ni àbí wọn ò là á?"

Mo fẹ́ sọ pé bóyá. Bóyá lọ́jọ́ náà, bóyá ẹlòmíràn ló wà lẹ́nu iṣẹ́. Ahọ́n mi kò gbé e.

"Wọ́n là á."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò purọ́ fún mi."

"Ṣùgbọ́n, Abẹ́rẹ́, Ẹni tó fi erùpẹ̀ mọ ènìyàn, ṣé aṣọ ló máa wá ṣòro fún?"

"Ṣé ẹ rò pé mi ò mọ̀ ọ́n ni? Ọmọ ilé ìwé ọjọ́ ìsinmi mọ̀ ọ́n. Pásítọ̀ wá síbí lánàá, ohun tí àwọn náà sọ nìyẹn. Wọ́n ní aṣọ ò já mọ́ nǹkan kan. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Mo ní ẹ ṣé, sà." Ó mí. "Bọ̀ọ̀dá, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ. Láti ọjọ́ tí ọmọ yẹn ti kú, bí mo bá dijú, mo máa ń rí i tó dìde, tó ń de bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó ń wá mi kiri nínú èrò. Ibẹ̀ ni mo ti ń rí i. Ìyẹn ni mo fi ń jí láràárọ̀. Nísinsìnyí bí mo bá dijú, sísọ́ọ̀sì ni mò ń rí. Mi ò rí ọmọ mi mọ́."

Mo di fóònù mú bí ẹni pé yóò bọ́. Lẹ́yìn náà ni ìrora gbé e, mo gbọ́ tó ké bí ọmọdé, fóònù sì ṣubú sórí ibùsùn. Mo ń gbọ́ Alápá tó ń sọ pé, "Ó ti ń lọ, Màámi, ó ti ń lọ." Kò sì tíì lọ. Mo dúró ní yàrá mi, mo ń gbọ́ ọ, títí ẹnì kan fi pa fóònù náà.

Àwọn àgbà ní, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ adẹ́tẹ̀, ó dète. Ọ̀ràn balẹ̀, ó dèrò. Mo ro ó. Kí ni ohun mìíràn tí mo lè ṣe? Mo ń jókòó sí ojú fèrèsé, mo ń wo àwọn tó ń wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ń tún bàtà ṣe nísàlẹ̀ a gbé ife tíì wá fún mi, a bi mí pé, "Àbúrò yín ńkọ́?" Màá ní, "A ń gbàdúrà." Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Mò ń jókòó síbi tí mo ti máa ń gbàdúrà.

Ohun kan wá wọ̀ mí lọ́kàn tó kọ̀ tí kò fi mí sílẹ̀: ǹjẹ́ bàbá wa mọ̀? Ìyẹn ni ohun tó gbà mí lérò jù. Bí ó bá mọ̀ pé wọ́n ń la aṣọ náà, tó sì ń rán an síbẹ̀, ọ̀rọ̀ yí padà nìyẹn. Á jẹ́ pé kì í ṣe afọ́jú ló ń rìn, á jẹ́ pé ó rí sísọ́ọ̀sì, ó sì rí nǹkan kan tó kọjá sísọ́ọ̀sì. Mo lè gbé ìyẹn fún Abẹ́rẹ́. Mo ní kí Alápá fún mi ní nọ́ńbà Bàbá Yàrá Tútù.

Nígbà tí mo pè é, arúgbó náà sunkún kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní òun ti padà lọ bẹ Abẹ́rẹ́, òun dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú orúnkún òun tí kì í ká mọ́, Abẹ́rẹ́ sì ní kí òun dìde, pé iṣẹ́ òun ni òun ń ṣe. "Ó dárí jì mí, Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi. Ẹ sọ fún un pé ojú rírán ni mo máa ń là. Mi ò fi sísọ́ọ̀sì kan aṣọ gan-an rí. Bí mo bá sì wọ̀ ọ́ fún òkú tán, mo máa ń tẹ́ ẹ dáadáa."

"Mo mọ̀ pé ò ń tẹ́ ẹ. Gbọ́, bàbá wa, ṣé ó wọlé rí? Ṣé ó rí i rí?"

Ó fun imú rẹ̀. "Ẹnu ọ̀nà ni Bàbá Bọ́tìnì máa ń dúró sí. Wọ́n á na aṣọ sí wa, wọ́n á bọ́ fìlà, wọ́n á yí padà. Wọn ò wọlé rí lójú mi."

"Torí kí ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fẹ́ wọ ibẹ̀."

Ọ̀gá tó ṣáájú rẹ̀ ti kú. Ìyá wa ti kú. Kò sí ẹni tí mo tún lè bi. Bóyá bàbá mi mọ̀, tí kò sì fẹ́ fojú rí i. Bóyá kò mọ nǹkan kan, tó ń padà sílé pẹ̀lú ayọ̀ òpè. Ọ̀rọ̀ tí òkú mọ̀, òkú ló mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, wọ́n ní kí n ka ẹ̀kọ́ kìíní. Mo dìde, mo kà á. Àwọn ènìyàn ní "Àmín". Mo padà jókòó, mo wo ẹ̀yìn ẹ̀wù ọkùnrin tó wà níwájú mi, ibi tí ojú rírán ti gba àárín rẹ̀ kọjá gbọọrọ láti ọrùn wá. Mi ò gbọ́ ìwàásù.

Ní ọ̀sẹ̀ náà ni Alápá fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ó kọ ọ́ pé: "Bàbá, Màámi ò sọ̀rọ̀ mọ́ láti àná. Nọ́ọ̀sì ní kò lè pẹ́ mọ́, ṣùgbọ́n ó ní etí ló ń gbẹ̀yìn, pé wọ́n ṣì ń gbọ́ wa. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́, màá kà á sí wọn létí. Ẹ má pè, mi ò lè gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni báyìí. Aṣọ ṣì wà lórí tábìlì bó ṣe wà. Mi ò rán ẹ̀yìn, mi ò sì fi okùn sí i. Ohun tí wọ́n wí ni mo fẹ́ ṣe, ọwọ́ mi ò gbà. Ẹ̀yin ni àgbà tó kù. Kí ni kí n ṣe?"

Mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ. Ìka mi tó ti di áyọ́ọ̀nù mú láti ìgbà èwe kò mọ lẹ́tà kéékèèké orí fóònù tẹ̀. Èyí tí mo kọ́kọ́ kọ, ọ̀rọ̀ ìlérí Olúwa ni látòkè délẹ̀. Mo kà á, mo rí i pé Abẹ́rẹ́ ti gbọ́ ọ, ó sì ti ní ohùn mi dùn. Mo pa á rẹ́. Èyí tí mo kọ ṣèkejì kúrú: "Abẹ́rẹ́, Bàbá mọ̀. Ó sọ fún mi kó tó kú. Ó mọ̀ pé wọ́n ń là á, ó ní ká máa rán an lọ." Mo wo ìyẹn pẹ́. Ó dára. Ó dára ju gbogbo ohun tí mo ti sọ fún un lọ, kò sì sí ẹni tó lè já a ní koro. Ìka mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ń tẹ̀ tí yóò fi lọ. Ṣùgbọ́n mo rántí bó ṣe dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò purọ́ fún òun. Ẹni tó ń lọ sọ́dọ̀ Olóòótọ́, mi ò lè di irọ́ fún un lọ́wọ́ bí ẹrù. Mo pa òun náà rẹ́.

Ọjọ́ ń lọ. Bọ́ọ̀sì ń dúró nísàlẹ̀, ó ń ṣí. Mo mọ̀ pé bí mo bá ń wá ọ̀rọ̀ tó pé, yóò ti lọ kí n tó rí i. Mo sunkún díẹ̀, mo nu gíláàsì ojú mi, mo sì kọ èyí tó wà nísàlẹ̀ yìí. Mi ò tún un kà kí n tó fi ránṣẹ́.

"Alápá, sún mọ́ ìyá rẹ, kà á jẹ́jẹ́. Abẹ́rẹ́, èmi ni, Bọ̀ọ̀dá rẹ. Mi ò mọ̀ bóyá Bàbá mọ̀. Mo wádìí, mi ò rí ẹni tó lè sọ fún mi. Wọ́n la aṣọ ọmọ rẹ. Ó dun èmi náà. Mi ò ní ohùn dídùn kankan lónìí. Mo ṣì gbà pé yóò dìde, pé ìwọ náà yóò dìde, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń di nǹkan mú nínú òkùnkùn ni mo ṣe gbà á, mi ò rí nǹkan kan. Bí ìwọ ò bá lè gbà á gbọ́ mọ́, má dá ara rẹ láàmú, ìrora yẹn ti pọ̀ jù. Sọ ìgbàgbọ́ náà kalẹ̀. Màá bá ọ gbé e títí mo fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ. Wọn ò ní kí gbogbo ọmọ ìyá rù ú lẹ́ẹ̀kan náà. Sùn. Alápá, rán ẹ̀yìn aṣọ náà. Bí ó bá wọ́, kó wọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ là á, kí wọ́n là á."